₦20,000 ìgbádùn ọdún: ká gbé e lọ sí sinimá, àbí ká fi ra dátà wo fíìmù Yorùbá lórí YouTube?

Ìbéèrè

Ẹ kú ọdún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìkòròdú ni mo ti ń kọ̀wé. Bàbá àwọn ọmọ fún wa ní ₦20,000 pé ká fi gbádùn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ọdún 2024 yìí kí iléèwé tó wọlé. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní sinimá làwọn ń lọ, A Tribe Called Judah ti Funke Akindele làwọn fẹ́ wò, gbogbo ọ̀rẹ́ wọn ló ti wò ó. Èmi ní ká fi ra dátà, ká máa wo fíìmù Yorùbá lórí YouTube títí oṣù á fi parí, kí owó tó bá kù wọ inú ọbẹ̀.

Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tí a jọ ń gbé inú ilé dá sí i. Ó ní irú àwa tí a ń wo ọ̀fẹ́ la sọ àwọn òṣèré Yorùbá di aláìní, pé olè ni wá, ìbọn la ò kàn gbé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ṣé olè ni mí lóòótọ́? Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ̀ ẹ́ bá fi ₦20,000 náà ṣe?

\* \* \*

Ọjọ́ Ajé, ọdún tuntun

Ìyá àwọn ọmọ, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn ba ọdún yín jẹ́. Olè kọ́ ni yín.

Aránṣọ ni mí ní Mókọ́lá, n'Ìbàdàn. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ mi. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ tí a bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, fóònù kan á ti fẹ̀yìn ti ike òwú lórí tábìlì ìgéṣọ, fíìmù Yorùbá á sì máa sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ títí a ó fi ti ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ onídìrí tó wà lápá ọ̀tún mi àti lọ́dọ̀ ìyá tó ń ta ata níwájú wa. Kí aládùúgbò yín kọ́kọ́ bi ara ẹ̀ pé ta ló gbé fíìmù yẹn sórí YouTube. Ẹni tó ni ín ló gbé e síbẹ̀, torí kí á lè wá wò ó ló ṣe gbé e síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n pè wá jẹun kì í ṣe olè.

Ìpolówó ló ń mówó wọlé fún un. Ẹ ti rí i rí kí ìyàwó ilé fẹ́ la ẹnu sọ ẹni tó lóyún fún, kí ìpolówó ọṣẹ já wọ àárín ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Ibẹ̀ yẹn gan-an lowó wà. YouTube kì í sábà pín owó ìpolówó fún ẹni tí èèyàn 1,000 ò tíì máa tẹ̀ lé, tí àwọn èèyàn ò sì tíì fi 4,000 wákàtí wo ohun tó gbé síta láàárín ọdún kan. Tó bá ti kọjá ìyẹn, tí fíìmù ẹ̀ sì gùn ju ìṣẹ́jú 8 lọ, ó lè ki ìpolówó bọ àárín ẹ̀ níbi tó bá wù ú. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá jókòó ti ìpolówó yẹn, ẹ ti san nǹkan.

Lóòótọ́, owó ò dọ́gba. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní Peckham ní London, fíìmù kan náà la sì jọ ń wò lálẹ́ Àìkú. Owó tó ń tara tiẹ̀ wọlé fún ẹni tó ni fíìmù ju tèmi lọ dáadáa, torí iye tí àwọn iléeṣẹ́ ìlú wọn ń san fún ìpolówó ju ti ibí lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn òṣèré fi máa ń kí àwọn ará òkè òkun tìlù-tìfọn ní ìparí fíìmù. Ṣùgbọ́n tèmi náà kì í ṣe òfo, dátà tí mo fi ń wò ó, ẹnì kankan ò bá mi rà á.

Ti ₦20,000 yẹn, ẹ jẹ́ kí n rò ó dáadáa kí n tó sọ̀rọ̀. Ìsinmi lòní, ìrẹsì wà lórí iná.

\* \* \*

Ìṣẹ́gun

Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ lánàá kí n tó jáde nílé. Ẹni kan láti Òṣogbo ní ẹ̀tàn lowó ìpolówó, pé kò tó owó epo tí wọ́n fi ń gbé òṣèré lọ síbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù. Ẹlòmíì ní sinimá nìkan ni iyì òṣèré wà. Èyí tó dà mí láàmú jù ni ti ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní òun kì í tiẹ̀ ṣe wàhálà YouTube, orí Telegram lòun ti ń gba gbogbo ẹ̀, àtèyí tó wà ní sinimá lọ́wọ́. Ó ní ohun tó bá ti wà lọ́fẹ̀ẹ́, tẹni tó bá rí i ni.

Àbúrò, ibi tí olè wà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn tí bàbá mi máa ń sọ fún wa, torí ẹni tó fẹ́ràn Bàbá Sàlá ju bàbá mi lọ, mi ò tíì rí i.

Kí fídíò tó dé, sinimá gidi làwọn àgbà òṣèré wa ń ṣe. Hubert Ogunde ṣe Aiye ní 1979, ó ṣe Jaiyesimi ní 1980. Bí wọ́n ṣe máa ń gbé eré orí ìtàgé káàkiri náà ni wọ́n ṣe ń gbé fíìmù: wọ́n á gbé róòlù àti ẹ̀rọ sínú ọkọ̀, wọ́n á gba gbọ̀ngàn nílùú, èèyàn á sanwó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á kọjá sílùú kejì. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni gbogbo owó wọn wà. Ní 1982 ni Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, gbé Orun Mooru jáde. Owó ńlá ló ná lé e lórí. Kó tó gbé e káàkiri tán, àwọn kan ti rí ẹ̀dà ẹ̀ kó sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á fẹ́ni tó bá fẹ́. Àwọn tí ò bá wá sanwó lẹ́nu ọ̀nà ti wò ó nílé. Gbèsè ló bá Bàbá Sàlá nídìí ẹ̀, ìṣúra tó fi gbogbo ayé ẹ̀ kó jọ sì wọmi. Ọkùnrin tó ń pa gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lẹ́rìn-ín! Bàbá ṣaláìsí ní 2018, ṣùgbọ́n tí bàbá mi bá ń sọ ọ̀rọ̀ Orun Mooru, ohùn ẹ̀ máa ń yí padà bíi pé ọmọ ìyá ẹ̀ ni wọ́n jí nǹkan ẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó wo fíìmù níbi tí ẹni tó ni ín gbé e sí, oníbàárà ni. Ẹni tó lọ wò ó lọ́nà ẹ̀yìn, yálà kásẹ́ẹ̀tì ni o, Telegram ni o, ọ̀kan náà ni pẹ̀lú àwọn tó sọ Bàbá Sàlá di onígbèsè. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

\* \* \*

Ọjọ́rú

NẸ́PÀ ò mú iná wá látàárọ̀. Jálá epo ti lé ní ₦600, mi ò lè tan jẹnẹrétọ̀ nítorí áyọ́ọ̀nù nìkan, eléèédú la fi lọ aṣọ lónìí. Fóònù kú láago méjì, láàárín ibi tí wọ́n ti fẹ́ ka ìwé ìhágún. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi pariwo bíi pé wọ́n gbá góòlù wọlé wa.

Ìyá tó bi wá pé èló ni dátà ń jẹ, ìdáhùn rèé. Ẹ tẹ àmì tó dà bí kẹ̀kẹ́ eléyín lójú fídíò náà, kí ẹ dín bó ṣe mọ́ sí kù sí 360p. Fíìmù wákàtí kan ààbọ̀ ò ní jẹ tó 1GB. Bí àwa bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, 144p la máa ń fi sí, torí etí la fi ń wò ó. Ojú wa wà lára aṣọ.

Mo kọ gbólóhùn yẹn tán ni mo dákẹ́. Etí la fi ń wò ó. Màá padà síbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí èyí náà. Oníbàárà kan gbé fóònù wá lọ́sàn-án, àwòrán òṣèrébìnrin kan níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìfihàn fíìmù ọdún Kérésì. Ó ní irú aṣọ yẹn lòun fẹ́ fún ìgbéyàwó tó ń bọ̀ lọ́jọ́ 20 oṣù yìí. Bùbá náà ní ìlẹ̀kẹ̀ láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ọwọ́ rán, mo fẹ àwòrán náà títí mo fi rí ojú abẹ́rẹ́. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni fún èèyàn méjì. Ó fẹ́ san ₦15,000. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ọrùn nìkan. Inú bí i. Gbogbo ìgbà tí fíìmù ńlá bá jáde nìyí, aṣọ ìfihàn ẹ̀ la ó rán fún oṣù mẹ́ta. Mi ò ráhùn, ó ń gbé oúnjẹ wá. Mo kàn fẹ́ kí àwọn èèyàn mọ̀ pé aránṣọ tó rán èyí tó wà nínú àwòrán yẹn ò sùn.

\* \* \*

Ọjọ́bọ̀, alẹ́

Àwọn kan lára yín ti gbọ́. Déjì Adérẹ̀mí, àgbà òṣèré tí gbogbo wa mọ̀ sí Ọlọ́fà Iná, ti lọ. Ẹni ọdún 73. Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sáfẹ́fẹ́ rere.

Inú ṣọ́ọ̀bù la wà. Àgbà nínú àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi ló rí i lórí Facebook, ó ní, "Ọ̀gá, bàbá yẹn ti kú." Kò dárúkọ. Ó kàn yí fóònù sí mi. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. Kò sẹ́ni tó mọ bàbá náà lójúkojú nínú wa, àmọ́ ojú tí èèyàn ń rí láti kékeré, bí ojú ará ilé ló rí. Ìyá tó ń ta ata wọlé wá bi wá pé kí ló dé tí ibí dákẹ́. A sọ fún un. Ó ní, "Áà, Ọlọ́fà Iná?" Ó jókòó lórí àpótí, ó sì dákẹ́ díẹ̀ pẹ̀lú wa.

Nítorí ikú yìí ni mo ṣe fẹ́ tún ọ̀rọ̀ mi ti Ajé sọ, torí kò pé. Mo ní ẹni tó ni fíìmù ló ń gba owó ìpolówó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ẹni tó ni fíìmù? Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe òṣèré tí a rí lójú fíìmù. Àwọn máàkẹ́tà ayé Ìdúmọ̀tà, ọjà tí wọ́n ti ń ta fíìmù l'Ékòó, ló ra ọ̀pọ̀ fíìmù àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é, nígbà kásẹ́ẹ̀tì àti síìdì. Owó ẹ̀ẹ̀kan ni òṣèré gbà, bóyá owó tí ò tó nǹkan, ó sì ti ná an tán kí YouTube tó dé. Lónìí, ẹni tí ìwé ẹ̀tọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ lè gbé fíìmù náà sókè, kí ogún ẹgbẹ̀rún èèyàn máa wò ó, kí àgbà òṣèré tó ṣe baálé ilé nínú ẹ̀ má rí kọ́bọ̀. Tí àìsàn bá wá dé, a ó gbọ́ pé wọ́n ń tọrọ owó ìtọ́jú lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ti rí i tó. Èmi náà ti fi ₦1,000 ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì sunkún lórí ọ̀kan.

Nítorí náà, ìyá Ìkòròdú, olè kọ́ ni yín, ṣùgbọ́n obìnrin yẹn ò purọ́ tán. Ìyà ń jẹ àwọn òṣèré, ó kàn di ẹ̀bi ẹ̀ ru ẹlòmíì ni. Ohun tí mo rò pé ó yẹ ká máa ṣe rèé: ká wo orúkọ ṣánẹ́ẹ̀lì kí á tó tẹ fíìmù. Ọ̀pọ̀ òṣèré ló ti ní tara wọn báyìí, tí wọ́n ń ṣe fíìmù fúnra wọn, tí wọ́n ń gbé e sókè fúnra wọn. Tí fíìmù méjì bá wà níwájú mi, tí ọ̀kan wà lórí ṣánẹ́ẹ̀lì ẹni tó ṣe é, ìyẹn ni mò ń tẹ̀. Kò ná mi ní nǹkan kan, ó sì mú kí owó náà sún mọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́.

Mi ò fi fíìmù sí i mọ́ lọ́sàn-án. A kàn ránṣọ.

\* \* \*

Ẹtì

Ọ̀rọ̀ ti yí padà, bílíọ̀nù kan náírà ló gba gbogbo ẹnu. A Tribe Called Judah tó wọ sinimá lọ́jọ́ 15 oṣù Kejìlá ti di fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ₦1 bílíọ̀nù nínú sinimá ilé wa. Battle on Buka Street, èyí tó pa jù tẹ́lẹ̀, kò tó ₦700 mílíọ̀nù. Omo Ghetto: The Saga ló ṣáájú ìyẹn. Funke Akindele náà ló ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Obìnrin kan ṣoṣo! Mo fò sókè nínú ṣọ́ọ̀bù, mi ò tijú.

Ìjà sì bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan ní kí la ń yọ̀ sí, pé kì í ṣe fíìmù Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti pídíjìn ló pọ̀ nínú ẹ̀, pé obìnrin tó fi Jenifa bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní 2008 ti fi wá sílẹ̀ tẹ̀ lé owó. Ẹnì kan tiẹ̀ kọ ọ́ pé Yorùbá ò lè tà ní sinimá mọ́.

Mi ò gbà. King of Thieves, Agẹṣinkólé tí Femi Adebayo gbé jáde ní 2022, Yorùbá ni wọ́n sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sì pa ju ₦300 mílíọ̀nù lọ ní sinimá. Anikulapo ti Kunle Afolayan jáde lórí Netflix lọ́dún yẹn kan náà, Jagun Jagun tẹ̀ lé e ní 2023, àwọn tí ò gbọ́ Yorùbá rárá ka ìwé ìsàlẹ̀ wò ó káàkiri ayé. Èdè wa ò di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Funke náà ò sì fi wá sílẹ̀. Ìtàn ìyá kan tó bí ọmọkùnrin márùn-ún fún bàbá márùn-ún, tí àwọn bàbá náà wá láti ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, báwo ni gbogbo ẹnu inú ilé yẹn ṣe fẹ́ jẹ́ Yorùbá? Bí Èkó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ṣe jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́.

Àríyànjiyàn kan wà tí mo fara mọ́, òun ni ti ẹni tó ní ká ṣírò iye èèyàn. Mo ṣírò ẹ̀ pẹ̀lú gègé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ. Tí tíkẹ́ẹ̀tì kan bá jẹ́ ₦4,000, ₦1 bílíọ̀nù jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì 250,000. Gbogbo Nàìjíríà nìyẹn. Ìbàdàn nìkan ju mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn lọ. Fíìmù tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, àwọn tó sanwó wọlé wò ó ò tó ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá èèyàn ìlú mi. Àwọn tó kù, níbo ni wọ́n wà? Wọ́n wà nídìí máṣíìnì, nídìí ata, lábẹ́ agboòrùn, pẹ̀lú fóònù tí ojú ẹ̀ ti sán. Fíìmù Yorùbá orí YouTube ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní kí wọ́n pa YouTube tì ká lè gba sinimá là, ó ti lé àwọn èèyàn yẹn kúrò nídìí eré. Ayé Ogunde, àwọn gan-an ló ń sanwó lẹ́nu ọ̀nà.

Mo ti pinnu. Ọ̀la ni mò ń lọ sí sinimá, kí n lè fi ojú ara mi sọ̀rọ̀.

\* \* \*

Àbámẹ́ta, aago mẹ́wàá alẹ́

Mo ti dé.

Èmi, ọmọ mi obìnrin, àti àbíkẹ́yìn nínú àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi tí kò wọ sinimá rí. A wọ máíkírà láti Mókọ́lá lọ sí Ring Road, ₦2,400 ni àlọ àtàbọ̀ wa. Tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ₦13,500. Gúgúrú ọ̀pọ́n kan tí a jọ jẹ, ₦2,500. Ó di ₦18,400. Owó tí ẹ ní lọ́wọ́, ìyá Ìkòròdú, ẹ̀ẹ̀kan ni èèyàn mẹ́ta fi jẹ ẹ́ tán, wákàtí méjì sì ni gbogbo ẹ̀. Ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé kì í ṣe owó ńlá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí wàyí.

Wọ́n pa iná. Òtútù mú, ọmọ mi fi ìborùn mi bo ẹsẹ̀. Gbọ̀ngàn kún dẹ́múdẹ́mú, ìlà tó ṣáájú wa, ìdílé kan ni, ìyá àgbà wọn wé gèlè bíi pé ìsìn ọdún ni wọ́n ti ń bọ̀, ọmọ ẹ̀ ní kó ṣí i kí àwa tí a wà lẹ́yìn lè ríran. Ó ṣí i, ó gbé e lé orúnkún. Nígbà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi tẹ̀ síwájú, ó rọra sọ fún mi létí pé, "Ọ̀gá, ojú wọn tóbi." Kò sọ nǹkan kan mọ́ títí ó fi parí.

Ibi tí àìsàn ìyá náà ti le, mo gbọ́ kí ìyá àgbà iwájú wa sọ pé, "Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ wá owó mi tì." Sókè ketekete ló sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹni kan láàárín òkùnkùn dáhùn, "Àmín." Àwa bí igba èèyàn tí ò mọ ara wa! Ọmọ mi di ọwọ́ mi mú níbẹ̀ yẹn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan òun níta mọ́.

Mo wá lóye gbólóhùn tí mo kọ lỌ́jọ́rú. Etí la fi ń wo fíìmù nínú ṣọ́ọ̀bù. Ní sinimá, mo wo ojú èèyàn. Mo rí bí omi ṣe ń lé ròrò lójú kó tó bọ́. Mo rí aṣọ dé ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ létí. Ìpolówó ò já ọ̀rọ̀ gbà, dátà ò tán, kò sẹ́ni tó pè pé ṣé wọ́n ti bá òun ki síípù. Àwọn tó ṣe fíìmù ṣe gbogbo nǹkan yẹn kí á lè rí i, láti bí ọdún mélòó kan sì rèé, etí nìkan ni mo ń gbé fún wọn.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè yín nìyí, kì í ṣe ti gbogbo èèyàn. Ẹ má kó gbogbo ilé lọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ti dàgbà tó láti rántí ẹ̀ lọ, kí ẹ fi ìyókù ra dátà àti ẹja. Lọ́dún, ìgbà kan tàbí méjì, kí ẹ fi ojú wo fíìmù. Àwọn ọjọ́ tó kù, ẹ fi etí wò ó bíi tiwa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè yín lólè.

Ẹni tó wá láti Òṣogbo yẹn tún ń bi mí pé fíìmù Malaika ti Toyin Abraham ńkọ́, òun náà ṣì wà ní sinimá. Mo rí àwòrán ẹ̀ lára ògiri. Owó mi ti tán, bọ̀dá.

\* \* \*

Àìkú, ọ̀sán

Mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé bá èsì ìyá Ìkòròdú. Fún àwọn tí ò tíì kà á: àwọn ọmọ méjì àgbà bá bùrọ̀dá wọn lọ sí sinimá lánàá, tíkẹ́ẹ̀tì méjì ₦8,000, bùrọ̀dá ra tiẹ̀ fúnra ẹ̀, ọkọ̀ àti omi ₦3,000. Ó fi ₦3,500 ra dátà, ₦5,500 wọ inú ọbẹ̀. Àbíkẹ́yìn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà jókòó tì í, wọ́n jọ ń wo fíìmù lórí bẹ́ẹ̀dì. Obìnrin tó pè é lólè wá yá iyọ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wò ó títí, ó jókòó nígbà tó yá.

Ìyá ní òun wo orúkọ ṣánẹ́ẹ̀lì bí mo ṣe sọ, ó sì dà bíi pé kì í ṣe ti ẹni tó ṣe fíìmù. Ó ní ohùn àwọn òṣèré ń dún tínrín bí ohùn ọmọdé, àwòrán náà kéré láàárín, ohun pupa kan sì yí i ká.

Mọ̀mí, wọ́n jí ìyẹn gbé ni. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, wọ́n á yí ohùn padà díẹ̀, wọ́n á dín àwòrán kù, kí ẹ̀rọ YouTube má bàa dá a mọ̀ pé ti ẹlòmíì ni. Ẹ jáde níbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ fíìmù náà síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan, kí ẹ fi orúkọ òṣèré tó jẹ́ aṣáájú inú ẹ̀ tì í, ẹ ó rí ojúlówó ẹ̀. Ohùn wọn á wálẹ̀, àwòrán á kún ojú fóònù. Kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ dé.

Ẹ bá mi kọ orúkọ fíìmù náà síbí pẹ̀lú. Aago mẹ́jọ la ń ṣí lọ́la, aṣọ ìgbéyàwó ọjọ́ 20 yẹn ti wà lórí tábìlì. Ọrùn nìkan la máa fi ìlẹ̀kẹ̀ sí, oníbàárà náà ti gbà.